Ẹmu Ìlàjà tí Ọdẹ́jìnmí Gbé Lọ sí Ìsun

Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó tètè hú u. Ẹni tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, kó fún un lọ́mú. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti pẹ́ nínú mi. Èmi ni Ògúnmọ́dẹdé. Kò sí igbó tí n kò wọ̀ láyé yìí. Ẹkùn mọ ohùn ìbọn mi ju ohùn ọmọ rẹ̀ lọ, erin sì ti yà fún mi lójú ọ̀nà rí, ó ní kí n kọ́kọ́ kọjá. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in lọ. Ẹ ó dákẹ́ láìpẹ́.

Mosúnmọ́lá ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo yín lẹ rí i bó ṣe dìde láàárín èrò, lọ́sàn-án gangan, tó na ìka sí mi, tó ní, "Baba Ògúnmọ́dẹdé, bàbá mi bá yín lọ sígbó kí wọ́n tó bí mi. Òkú rẹ̀ lẹ gbé padà wá. Kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀, ètè rẹ̀ sì dúdú bí aró. Ìyá mi kò gba omi lọ́wọ́ yín títí ó fi kú, èmi náà kò gbà á rí. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún un, kí gbogbo ayé gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n gbé òkú bàbá rẹ̀ délé báyẹn, tí kò bá fura, a jẹ́ pé kò gbọ́n. Nígbà náà lọ́hùn-ún mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní irọ́ ni, pé ẹnu ọdẹ kò ní bodè. Inú bí mi, mo sì dákẹ́. Lónìí n óò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mosúnmọ́lá, jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Kí ẹnìkan gbé ìkòkò omi yẹn sún mọ́ mi, kó gbé igbá kan lé e.

Ọdẹ́jìnmí, bàbá ọmọ yìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mo máa ń sọ tèmi pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, ó sì ń wá ẹran tí wọn yóò fi sọmọ lórúkọ. A jọ wọ Igbó Ẹ̀kìlọ̀, a pàgọ́ sí etí odò kan. Ó yìnbọn fún àgbọ̀nrín, àgbọ̀nrín kò kú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ. Ó ní kí n dúró ti àgọ́, pé òun ń bọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ojú mi kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ ẹni tó sọ ọ́ fún mi kí n tó jókòó.

Ọdẹ́jìnmí tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ náà títí ó fi dé ibi tí ẹyẹ kì í ti í ké. Àwọn igi ibẹ̀ kọ ẹ̀yìn síra wọn. Bó bá ti ń sún mọ́ igi kan, ewé igi náà á ká pọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí tí àlejò já lù. Ara fu ú. Ó fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ó rántí oyún ìyàwó rẹ̀, ó tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ilẹ̀ sì lanu níwájú rẹ̀.

Yàrà ni. Ẹ̀yin ti rí yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìlú ká. Eléyìí kò yí ìlú kankan ká. Ó gùn gba inú igbó lọ láìlópin, ó sì jìn ju ìdúró ènìyàn lọ. Àwọn ọmọ ogun dúró sínú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n fara ti ògiri ilẹ̀. Níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ri igi kan mọ́lẹ̀ sórí bèbè, ojú méjèèjì onítọ̀hún sì wà lórí igi náà. Wọ́n ti yọ ojú wọn kọ́ sókè kó lè máa ṣọ́ òdì kejì nígbà tí ara bá ń sùn. Bí Ọdẹ́jìnmí ti yọ, gbogbo ojú wọ̀nyẹn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wò ó.

Balógun wọn jáde. Tanilèyí lorúkọ rẹ̀. Etí rẹ̀ gùn débi pé ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ó sì fi ń gbọ́ ohun tí kòkòrò ń rò lábẹ́ ilẹ̀.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, bàbá."

"Ẹni tí kò sẹ́ni tó rán an, ara rẹ̀ ló rán ara rẹ̀. Ìyẹn ló burú jù. Kí lo ń wá?"

"Ẹran tí mo yìnbọn fún ni."

"Ẹran tó sá wọ ọ̀dọ̀ wa! Ta ló kọ́ ẹran náà lọ́nà?"

Ọdẹ́jìnmí ń wá ojú ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín náà nílẹ̀. Ó dákẹ́.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́!" ni Tanilèyí kígbe. "Ẹ gbọ́ ọ dáadáa! Ẹni tí kì í bá í ṣe amí kò lè dákẹ́ báyẹn."

Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kì í mọ́lẹ̀, wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ ẹrẹ̀, wọ́n ní kó búra pé òun yóò bá wọn jagun títí ogun yóò fi parí. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ kan ọrùn rẹ̀, ó búra. Kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè, gbòǹgbò ti yọ ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ti wọ ilẹ̀ lọ. Gbòǹgbò náà ń nà bó bá ń rìn, ṣùgbọ́n bó bá rìn jìnnà, a fà á padà bí ìgbà tí a so ewúrẹ́ mọ́ òpó. Tanilèyí ní, "Ọjọ́ tí ogun bá parí ni yóò tú. Lọ́jọ́ náà ni wàá lọ rí ìyàwó rẹ." Ta ló sọ fún un pé Ọdẹ́jìnmí níyàwó? Ìyẹn tún ń da Ọdẹ́jìnmí lọ́kàn rú.

Báyìí ni ọdẹ di ọmọ ogun. Ogun tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ẹ rò pé kí wọ́n máa sáré kiri, kí wọ́n máa pariwo ni? Dídúró sójú kan ni ogun yẹn. Òjò ń rọ̀ sí wọn lára, ẹrẹ̀ ń jẹ ìka ẹsẹ̀ wọn, iná orí àti iná aṣọ ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, eku ńláńlá ń gun orí wọn kọjá láìbẹ̀bẹ̀. Ní òwúrọ̀, ọta ìbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti yàrà òdì kejì, tiwọn náà á máa fò lọ. Ẹni tó bá gbórí sókè á ṣubú. Wọ́n á tẹ ẹrẹ̀ bò ó níbi tó ṣubú sí, ṣùgbọ́n wọn kì í yọ ojú rẹ̀ lórí igi. Ojú òkú a máa ṣọ́nà lọ. Balógun ní ojú wọn ló dára jù, pé kì í ṣẹ́jú.

Ìbẹ̀rù ọ̀tá kò tó ìbẹ̀rù ẹni tó wà nítòsí. Bí oúnjẹ bá dé, wọ́n á yí i ká, wọ́n á máa wo ara wọn títí ọbẹ̀ á fi dì. Lọ́jọ́ tí Ọdẹ́jìnmí dé, ebi pa á, ó bu òkèlè, ó jẹ ẹ́. Gbogbo wọn fà sẹ́yìn. "Kí ló ń yá a lára?" ni wọ́n ń wí. "Ó ní láti jẹ́ pé ó ti lo ẹ̀rọ̀ oró nílé."

Arúgbó ọmọ ogun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Jẹ́nsinmi lorúkọ rẹ̀. Òun nìkan ló máa ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó fẹnu mọ́ ọn létí, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti wà níbí kí irùngbọ̀n mi tó hù. N kò mọ ohun tí a ń jà lé lórí. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé àwa la kọ́kọ́ gbẹ́ yàrà." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́." Ní ọjọ́ kejì ó gbórí sókè láti na ẹ̀yìn rẹ̀, ọta bà á níwájú orí. Ọdẹ́jìnmí sunkún rẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ sọ́kàn pé ó sunkún.

Láàárín yàrà méjèèjì, ìsun omi kan wà, òun ni odò àgọ́ wa ti ń sun wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọdẹ́jìnmí kò mọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sí ìsun náà, yóò gbẹ, òùngbẹ yóò sì pa ìhà méjèèjì. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í yìnbọn sí ẹni tó bá lọ pọnmi, tàbí ẹni tó bá wà létí omi náà níbikíbi. Tanilèyí ní kí Ọdẹ́jìnmí máa pọnmi. Ó fẹ́ rí i bóyá Àwọn Ọ̀hún yóò kí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀tá wọn. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ ìlú wọn.

Ọdẹ́jìnmí bá ọ̀kan nínú wọn létí ìsun. Ojú méjì wà níwájú rẹ̀ bíi tiwa, ẹ̀kẹta wà ní ìpàkọ́. Abẹ̀yìnwò ni wọ́n ń pè é.

"Kí lo fi sínú omi?" ni Abẹ̀yìnwò bi í.

"N kò fi nǹkan kan sí i. Mo wá pọnmi ni."

"Ẹni tó bá fi nǹkan sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò wí."

Ọdẹ́jìnmí bu omi sínú igbá, ó mu díẹ̀ níbẹ̀, ó na ìyókù sí i. Ẹnu ya Abẹ̀yìnwò. "Èéṣe tí o fi ń mu ohun tí o fẹ́ fún mi?"

"Nílé wa, ẹni tó bá fún ènìyàn lómi ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bàbá mi ti lù mí nítorí rẹ̀ rí."

"Bí oró bá wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ẹni tó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ kú."

Abẹ̀yìnwò sún mọ́ ọn. Ó ní, "Tún un mu. N óò máa wo ọ̀fun rẹ." Ọdẹ́jìnmí tún un mu. Abẹ̀yìnwò rí i bí ọ̀fun rẹ̀ ti lọ sókè tó lọ sódò, ó gba igbá, òun náà mu.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé, ẹni tó bá mú iṣu sísun wá á kọ́kọ́ gé e jẹ, ẹnì kejì á tó gbà. Abẹ̀yìnwò bi í léèrè bóyá lóòótọ́ ni pé ìhà tirẹ̀ ń se àwọn àgbàlagbà wọn lọ́bẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní ohun tí wọ́n sọ fún òun nípa Àwọn Ọ̀hún náà nìyẹn, àfi pé wọ́n ní ilá wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọdẹ́jìnmí sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti oyún rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń parọ́ púpọ̀, tó ń dúró dè é nínú àgọ́ etí odò. Ta ló ń bá wí báyẹn? Ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ.

Abẹ̀yìnwò náà sọ tirẹ̀. Ó ní ojú ìpàkọ́ òun kì í dé láé, kódà bí òun bá ń sùn. Ibi yòówù kí òun kọjú sí, ojú náà á máa wo yàrà àwọn, ẹsẹ̀ òun á sì yí padà síbẹ̀.

Tanilèyí gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó ránṣẹ́ pe Ọdẹ́jìnmí, Ọdẹ́jìnmí sì ti gbà pé ikú dé. Ṣùgbọ́n Balógun ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èyí ló wá dẹ́rù bà á jù. Ó gbé akèrègbè ẹmu kan kalẹ̀.

"Ẹmu ìlàjà nìyí. Ogun ti sú àwa náà. Òfin igbó yìí ni pé bí ọ̀kan nínú Àwọn Ọ̀hún bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ mu ẹmu wa, ogun parí nìyẹn. Gbòǹgbò yóò tú ní ẹsẹ̀ gbogbo wa. Ọwọ́ rẹ nìkan ni wọ́n ti lè gbà á."

"Kí lẹ fi sí i, bàbá?"

Tanilèyí rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ó ti di tiwa! Ó ti ń fura."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ ọ wò fún mi."

Balógun ní èèwọ̀ òun ni ẹmu. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ní inú ń run òun. Òmíràn ní òun kò tíì fọ ẹnu. Kíkọ̀ wọn kò sọ nǹkan kan fún Ọdẹ́jìnmí, nítorí wọn kì í jẹ ohun tí ẹlòmíràn bá ti fọwọ́ kàn, ìbáà jẹ́ oyin. Ó gbé akèrègbè náà, ó gùn jáde nínú yàrà. Ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Òórùn ẹmu ni.

Abẹ̀yìnwò ti dé ìsun. Ọdẹ́jìnmí jókòó tì í, kò sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún un. Ó sọ gbogbo ohun tí Balógun wí.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Abẹ̀yìnwò bi í. "Kí lo rò?"

"Mo rò pé oró ni. Mo tún rò pé ó lè má jẹ́ oró."

"Dà á nù."

"Bí mo bá dà á nù, tó sì jẹ́ pé ẹmu rere ni, èmi ni mo da ìlàjà nù. Ìyàwó mi á bímọ, ọmọ náà á dàgbà, èmi á ṣì wà nínú ẹrẹ̀ yìí. Bí mo bá sì ní kí o mu ún láìmọ̀, n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bóyá ọ̀nà mìíràn á là."

"Abẹ̀yìnwò, ẹ ti wà nínú yàrà yìí títí ẹ fi gbàgbé ohun tó fa ìjà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́ nǹkan wò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ó da ẹmu sínú igbá. Ẹ̀rù ń bà á, díẹ̀ dànù sí itan rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún dáadáa, ó nu ẹnu rẹ̀. Abẹ̀yìnwò na ọwọ́ sí igbá, Ọdẹ́jìnmí gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Rárá. Jẹ́ ká jókòó díẹ̀ ná."

Wọ́n jókòó. Lórí bèbè yàrà méjèèjì, gbogbo ojú ń wò wọ́n, ti òkú ti alààyè.

"Ó dùn," ni Ọdẹ́jìnmí wí. Ìrètí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ó ní bí òun bá délé, òun kò tún ní wọ igbó títí ọmọ òun á fi rìn. Ó ní òun àti ìyàwó òun ti fẹnu kò nínú yàrá pé bó bá jẹ́ obìnrin, Mosúnmọ́lá ni àwọn yóò sọ ọ́. Àwọn kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ, nǹkan tú ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó wolẹ̀. Gbòǹgbò náà ń rọ, ó ń já kúrò lára rẹ̀.

"Abẹ̀yìnwò, ó ń tú! Ogun ti parí!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Òtútù ti mú un ní kókósẹ̀, ó ń gòkè bọ̀ ní orúnkún. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fa akèrègbè náà mọ́ra, ó yí i dànù sórí ilẹ̀, síbi tó jìnnà sí omi. Ó ní, "Má mu ún o," ó sì gbé orí lé èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kú.

Mosúnmọ́lá, bí bàbá rẹ ṣe kú nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo rí ẹ̀dá kan tó ń tọ etí odò bọ̀ wá sí àgọ́ mi, ó gbé ọ̀rẹ́ mi léjìká. Mo na ìbọn sí i. Ìka mi ti wà lórí ohun ìyìn rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé n kì í tàsé. Kò sá. Ó rọra tẹ́ òkú kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sétí odò, ó fi ewé bu omi, ó mu níbẹ̀, ó na ìyókù sí mi. Mo gbé ìbọn mi sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" ni mo bi í.

"Ẹni tí mo gbé wá yìí ni."

Mo gbà á, mo mu ún, mo sì bú sẹ́kún. Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi látòkè délẹ̀. Ó ní àwọn ojú orí igi ṣì ń ṣọ́nà nígbà tí òun ń lọ, kò sì sẹ́ni tó lè yìnbọn sí òun létí omi. Nígbà tó yí padà láti máa lọ, mo rí ìpàkọ́ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ ti dé pátápátá. Kò padà sí yàrà. Ó gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.

Nígbà tí mo gbé òkú délé, ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Wọ́n ní obìnrin ni. Mo wọ yàrá, mo ní, "Mosúnmọ́lá dà?" Ìyá rẹ wò mí, ojú rẹ̀ yí padà, nítorí òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ orúkọ náà. Kò bi mí ní ohunkóhun. Orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu mi náà ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gba omi lọ́wọ́ mi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó dùn mí ju ohun tí gbogbo ìlú wí lọ.

Ó tó. Ẹ wo omi yìí, mo bù ú lójú gbogbo yín. Mo gbé e sẹ́nu. Mosúnmọ́lá, wo ọ̀fun mi dáadáa. Mo ti mu ún. Ìyókù rèé, gbà.

Kí lo wí?

Ó ní ká jókòó díẹ̀ ná. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin èèyàn. Bàbá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ yẹn. Ó dára, ọmọ mi, jẹ́ ká jókòó. Igbá nìyí láàárín wa. Ẹsẹ̀ mi kò tutù. Mo ti dàgbà, n kò ní ibi tí mò ń sáré lọ.

Ẹ yà fún un lójú ọ̀nà. Ó ń bọ̀ wá gbà á.